ÀJÀYÍ CROWTHER, ÀLEJÒ TÍ KÒ GBỌ́ ÈDÈ

Ìtàn Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther ni mo fẹ́ sọ fún yín lónìí. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ni yóò sọ pé àwọn ti gbọ́ ọ rí: ọmọ tí wọ́n kó lẹ́rú, tí ó di bíṣọ́ọ̀bù aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ nínú ìjọ Áńgílíkà, tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá. Òtítọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe máa ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Ṣùgbọ́n apá kan wà nínú ìtàn náà tí a máa ń fò dá. Ohun tí ó sì mú mi padà sí i ni ẹ̀ṣẹ̀ kan tí èmi fúnra mi ṣẹ̀ nínú ilé Ọlọ́run, pẹ̀lú aṣọ àlùfáà lọ́rùn mi.

Ìjọ tí mo ń bójú tó nígbà náà wà ní ojú ọ̀nà oko, kò jìnnà sí Iléṣà. Ẹ mọ bí oko kòkó wa ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ṣe rí báyìí. Àwọn ọmọ wa ti lọ sí Èkó àti Àbújá. Àwọn tí ó ń ro oko, tí wọ́n ń ká kòkó, tí wọ́n ń kọ ebè, àlejò ni púpọ̀ nínú wọn. Ẹ̀bìrà wà níbẹ̀, Tíífù wà níbẹ̀, àwọn tí ó ti Ìpínlẹ̀ Bẹ́núè wá sì pọ̀, tí àwa kàn ń pe gbogbo wọn ní Àgatú, yálà Ìgèdè ni wọ́n tàbí Ìdọ̀mà. A ń jẹ iṣu tí wọ́n gbìn, a ń ta kòkó tí wọ́n ká, a kò sì mọ orúkọ ẹ̀yà wọn.

Obìnrin Ìgèdè kan wà láàárín wọn tí ó máa ń wá sí ìsìn wa pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta. Ìjókòó tí ó kángun sí ẹnu ọ̀nà ni wọ́n máa ń jókòó sí. Ní ọjọ́ ìsinmi kan, nígbà tí a ní kí àwọn tí Olúwa ṣe oore fún bọ́ síwájú láti jẹ́rìí, ó dìde. Ọmọ rẹ̀ kan ti ṣàìsàn, ara rẹ̀ sì ti yá, ọpẹ́ ni ó fẹ́ dá. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Yorùbá tí ó kọ́ ní ọjà. Ohùn rẹ̀ ròkè níbi tí ó yẹ kí ó lọ sílẹ̀, ohun tí ó sì jáde lẹ́nu rẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń sọ nínú ilé Ọlọ́run. Gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo fi ìwé orin bo ẹnu mi, ṣùgbọ́n ó ti rí mi. Ó jókòó láì parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. A kọrin, a gba ọrẹ, a túká. Kò wá ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, kò sì wá ní èyí tí ó tẹ̀lé ìyẹn.

Nígbà tí mo gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú ìgbìmọ̀ ìjọ, bàbá àgbà kan tí mo bọ̀wọ̀ fún púpọ̀ sọ pé kí obìnrin náà lọ kọ́ Yorùbá, nítorí pé ẹni tí ó bá wá sí ìlú onílùú ní láti gbọ́ èdè ibẹ̀. Ó fi kún un pé àwọn ọmọ wa gan-an kò fẹ́ sọ Yorùbá mọ́, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ nílé. Bí a bá tún wá fàyè gba èdè mìíràn nínú ìsìn, kí ni yóò kù fún wa? Ẹ̀yin olùkàwé mi, n kò lè fi ọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ bàbá yìí sẹ́yìn. Ẹ̀rù tí ó ń bà á ń ba èmi náà. Mo padà sílé, mo sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn Crowther láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1821 ni ogun kó Òṣoògùn, ìlú kan ní agbègbè Ìṣẹ́yìn. Àjàyí kò tíì ju ọmọkùnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè àgbà lọ. Wọ́n fi okùn so òun, ìyá rẹ̀ Àfàlá, àti àwọn àbúrò rẹ̀ lọ́rùn pọ̀ mọ́ àwọn ará ìlú yòókù. Kò pẹ́ tí wọ́n fi yà á kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Wọ́n fi í pààrọ̀ ẹṣin; nígbà tí ẹṣin náà kò tẹ́ ẹni tí ó gbà á lọ́rùn, wọ́n dá ọmọ padà bí ẹni dá ọjà padà. Láti ọwọ́ dé ọwọ́, láti ọjà dé ọjà, títí ó fi dé Èkó, níbi tí ó ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn Potogí tí ń ra ẹrú. Ìbànújẹ́ rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi gbìyànjú láti fún ara rẹ̀ lọ́rùn pa kí ó tó dé etí òkun.

Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin ọdún 1822, wọ́n kó òun àti àwọn ẹrú yòókù sínú ọkọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé wọn bá. Myrmidon ni orúkọ ọkọ̀ ogun kan nínú wọn, ọ̀gágun Henry Leeke sì ni olórí rẹ̀. Wọ́n gba àwọn ẹrú sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí. Àwa tí a mọ ibi tí ìtàn náà yóò já sí, a máa ń yọ̀ bí a bá dé ibí yìí. Àjàyí kò yọ̀. Kò gbọ́ èdè àwọn tí ó gbà á. Ní ti òun, olè kan ni ó gba ẹrù lọ́wọ́ olè kejì. Nígbà tí wọ́n mú òun àti àwọn ọmọkùnrin díẹ̀ mìíràn wọ inú ọkọ̀ ogun náà, wọ́n rí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí a so kọ́, wọ́n rò pé ẹran ara ènìyàn ni. Wọ́n rí ọta àgbá tí a kó jọ, wọ́n rò pé orí àwọn ará wọn ni. Ó di ìgbà tí wọ́n sún mọ́ nǹkan wọ̀nyí dáadáa kí ọkàn wọn tó balẹ̀. Ẹ wò ó ná! Inú ọkọ̀ ìgbàlà ni wọ́n wà, ẹ̀rù ikú ni ó sì ń bà wọ́n, nítorí pé kò sí ẹni tí ó lè sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí yóò yé wọn. Mo ka ibẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì. Mo rántí àwọn tí wọ́n ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà nínú ìjọ mi, tí wọ́n ń wo ẹnu mi láti aago mẹ́sàn-án títí di aago méjìlá.

Ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ọdún 1822 ni wọ́n gúnlẹ̀ sí Freetown ní Sàró. Bí ìlú kan bá wà láyé tí a lè pè ní ìlú àwọn àlejò, Freetown ìgbà náà ni. Gbogbo ẹni tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá gbà sílẹ̀ lójú òkun, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó wọn lọ: Ìgbò, Haúsá, Tápà, Pópó, àwọn ará Kóńgò, àti àwọn tí ó ti ọ̀nà jíjìn ju bẹ́ẹ̀ lọ wá. Nígbà tí Koelle, ajíhìnrere ọmọ Jámánì kan, fara balẹ̀ ṣa ọ̀rọ̀ èdè wọn jọ, tí ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1854, èdè tí ó bá ní ìlú yẹn lé ní 100 dáadáa. Àwọn Yorùbá pọ̀ níbẹ̀. Ǹjẹ́ ẹ mọ orúkọ tí wọ́n ń pè wọ́n? Aku. Nítorí pé ẹ kú àárọ̀, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrọ́jú ni wọ́n máa ń kí ara wọn lójoojúmọ́, àwọn tí kò gbọ́ èdè wọn mú ìkíni náà, wọ́n sì sọ ọ́ di orúkọ fún gbogbo wọn, Ọ̀yọ́, Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀ṣà pa pọ̀. Àgatú tiwa nìyẹn.

Àwọn àgbà ilé yín mọ ohun tí mo ń sọ. Àwọn Òṣómàáló tí wọ́n jáde láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, tí wọ́n ń kiri aṣọ láti ìlú dé ìlú, ìlú onílùú ni wọ́n ti kó ọrọ̀ tí wọ́n fi kọ́ ilé sí Iléṣà. Àwọn ará Inísà, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀fà mélòó ni wọ́n bí ọmọ sí Gánà, tí àwọn ọmọ náà sì gbọ́ èdè ibẹ̀ bí ọmọ onílé? Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba ibẹ̀ fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kó ẹrù wọn. Ní 1983, àwa náà san án fún wọn, a lé wọn lọ. Mo wà ní ilé ìwé gíga nígbà náà. Ará Gánà ni olùkọ́ ìṣirò wa. A máa ń sín in jẹ nígbà gbogbo tí ó bá gbìyànjú Yorùbá, títí tí kò fi sọ ọ́ sí wa létí mọ́. Nígbà tí a wọlé ní oṣù Kíní ọdún náà, a kò bá a mọ́. Kò sí ẹnìkan nínú wa tí ó mọ̀ bí a ṣe ń sọ pé ó dàbọ̀ ní èdè tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n padà sórí Àjàyí. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ó lọ sí ilé ìwé ní Sàró, bí wọ́n ti jáde báyìí ni ó wọ ìgboro lọ, ó sì tọrọ ẹ̀pìnnì kan lọ́wọ́ ará ilé rẹ̀ kan tí ó bá níbẹ̀, ó fi ra káàdì ABC tirẹ̀. Kò tó ọdún kan tí ó fi ń ka Májẹ̀mú Titun ní Gẹ̀ẹ́sì. A máa ń yin ọmọ náà fún ọpọlọ rẹ̀, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ní tèmi, mo máa ń rántí ẹni tí ó fún un ní ẹ̀pìnnì, ẹni tí a kò mọ orúkọ rẹ̀, tí òun náà jẹ́ ẹrú àná. Mo máa ń rántí ìyàwó Weeks pẹ̀lú, ìyàwó òyìnbó ajíhìnrere kan, tí ó jókòó ti ọmọ tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó sì fi sùúrù kọ́ ọ ní ìwé. Nígbà tí wọ́n fi ọmọ náà jẹ bíṣọ́ọ̀bù nínú kàtídírà Canterbury ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 1864, obìnrin náà ti di opó arúgbó, ó wà níbẹ̀. Leeke tí ó gbà á sílẹ̀ lójú òkun wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Láàárín ìgbà méjèèjì, ọ̀pọ̀ nǹkan ṣẹlẹ̀ tí n kò ní dúró lé lórí. Ó ṣe ìrìbọmi ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1825, ó sì gba orúkọ Samuel Crowther. Ó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ wọ ilé ìwé Fourah Bay ní 1827. Ó fẹ́ Asano, tí a ń pè ní Susan, ẹni tí a gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn akónilẹ́rú bíi tirẹ̀. Ó di olùkọ́.

Ní 1841, àwọn Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ mẹ́ta lọ sí Odò Ọya, Crowther sì bá wọn lọ pẹ̀lú Schön, àlùfáà ọmọ Jámánì. Ibà pa àwọn òyìnbó inú ọkọ̀ náà bí 40. Kí wọ́n tó lọ, Schön ti lo àkókò púpọ̀ ní Freetown láti kọ́ èdè Ìgbò. Nígbà tí wọ́n dé Aboh, ó mú ohun tí ó ti kọ jáde, ó sọ Ìgbò fún wọn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì yé wọn, nítorí ẹ̀ka èdè tí ó kọ́ yàtọ̀ sí tiwọn. Lẹ́nu Simon Jonas, ọmọ Ìgbò kan tí òun náà ti jẹ́ ẹrú rí, ni ọba Aboh ti gbọ́ ohun tí wọ́n bá wá. Ọkùnrin tí kò ní oyè kankan ni ọ̀rọ̀ gbogbo wọn gbára lé.

Wọ́n yan Crowther sí oyè àlùfáà ní ìlú Òyìnbó ní 1843. Ní oṣù Kíní ọdún 1844, ó ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní Freetown. Láti ìgbà tí wọ́n ti kó àwọn Aku dé ìlú yẹn, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń bá Ọlọ́run wọn sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ènìyàn kún ibẹ̀ láti wá gbọ́ bóyá ó ṣeé ṣe. Crowther fúnra rẹ̀ kọ̀wé lẹ́yìn náà pé ní ọjọ́ yẹn, òun rí bí ọmọ ọwọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè ìyá rẹ̀. Àlùfáà tí ó mọ ìwé, tí ó ti wàásù ní Gẹ̀ẹ́sì láì bẹ̀rù, ahọ́n rẹ̀ wá di wúwo nínú èdè tí ó mu pẹ̀lú ọmú. Bàbá àgbà tí ó bá mi sọ̀rọ̀ ní ìgbìmọ̀, mo rántí rẹ̀ nígbà tí mo ka ibẹ̀. Èdè máa ń sọnù lóòótọ́. Àmọ́ kì í ṣe nítorí pé ọmọ Ìgbò tàbí Haúsá kọrin ní èdè tiwọn ní Freetown ni Yorùbá fi sọnù lẹ́nu Crowther. Nítorí pé a kò fún Yorùbá náà láyè nínú ilé Ọlọ́run fún ogún ọdún ó lé ni.

Ó dé Abẹ́òkúta ní 1846. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ ọdún náà, lẹ́yìn ọdún 25, òun àti ìyá rẹ̀ Àfàlá tún fojú rinjú. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn, kò sí ẹni tí ó lè sọ̀rọ̀. Ní 1848 ni ìyá náà ṣe ìrìbọmi, a sì sọ ọ́ ní Hannah. Ẹ rò ó wò, bí ọmọ rẹ̀ bá ti gbàgbé èdè rẹ̀ pátápátá, ògbufọ̀ wo ni ì bá dúró sí àárín wọn ní ọjọ́ náà?

Nígbà tí ó ń túmọ̀ Ìwé Mímọ́, kò jókòó sínú yàrá kí ó máa hun ọ̀rọ̀ láti inú orí ara rẹ̀. Ó ń fetí sí àwọn àgbà. Ó ń fetí sí àwọn abọ̀rìṣà bí wọ́n ti ń wúre, ó ń wá ọ̀rọ̀ tí ó tọ́, bí ó bá sì rí èyí tí ó dára ju ti àná lọ, a pa ti àná rẹ́. Ìwé sí àwọn ará Róòmù jáde ní 1850. Ní àárín àwọn ọdún 1880 ni gbogbo Bíbélì tó pé. Òun nìkan kọ́ ni ó ṣe é. Thomas King, ọmọ Ẹ̀gbá tí òun náà bọ́ lóko ẹrú, ṣiṣẹ́ púpọ̀ nínú rẹ̀, àwọn òyìnbó kan pẹ̀lú sì fi ọwọ́ kún un. Ẹ sì kíyè sí àwọn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Àdúrà, àlùfáà, wàásù: ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí ni wọ́n ti wọ èdè wa. Àlejò ni wọ́n. Wọ́n ti pẹ́ nílé tó bẹ́ẹ̀ tí a kò rántí béèrè ibi tí wọ́n ti wá.

Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ òótọ́ kan. Èdè inú Bíbélì yẹn kì í ṣe èdè inú ilé yín. Èdè Ọ̀yọ́ ni Crowther fi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ìyá yín ń sọ pé ulé, Bíbélì ń sọ pé ilé. Àwọn ìyá ńlá yín tí wọ́n kọ́kọ́ gba Kírísítì gbọ́ ní láti kọ́ ẹnu ẹlòmíràn kí wọ́n tó lè ka Sáàmù. Ẹ rántí ìtàn Ìwé Àwọn Onídàájọ́ orí kejìlá, bí àwọn ará Gílíádì ṣe dúró sí ìwọdò Jọ́dánì, tí wọ́n ń ní kí olúkúlùkù tí ó bá ń kọjá sọ Ṣíbólẹ́tì. Ẹni tí ahọ́n rẹ̀ bá pè é ní Síbólẹ́tì, wọ́n a pa á. Àwọn 42,000 ni wọ́n kú. Mo máa ń bi ara mi léèrè iye ará Ìbàdàn tí ì bá la odò náà kọjá, àti ọmọ Iléṣà mélòó tí ó ń pe ara rẹ̀ ní ọmọ Ùjẹ̀sà! Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀fẹ̀ ni mo fi ṣe. Ṣùgbọ́n kì í ṣe idà nìkan ni a fi ń ti ènìyàn sẹ́yìn ní ìwọdò.

Mo ti dé ibi tí ó ṣòro nínú ìtàn náà báyìí, n kò sì ní fò ó. Nígbà tí wọ́n fi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù, kì í ṣe lórí àwọn Yorùbá tí wọ́n gbọ́ èdè rẹ̀ ni wọ́n fi í ṣe. Àwọn òyìnbó ajíhìnrere ilẹ̀ Yorùbá, Henry Townsend ni ó ṣíwájú wọn, kò fẹ́ kí aláwọ̀ dúdú jẹ́ olórí wọn. Nítorí náà, iṣẹ́ Odò Ọya ni wọ́n fi lé e lọ́wọ́, láàárín àwọn Tápà, Ìgbò àti Ìjọ. Ẹni tí ó ti lé ní 50 ọdún tún di àlejò. Ó gbìyànjú. Ìwé ABD Ìgbò ti jáde láti ọwọ́ rẹ̀ ní 1857. Ó kọ́ nǹkan nípa èdè Tápà pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà gbòòrò, èdè pọ̀, ọjọ́ orí sì ti ń lọ. Ògbufọ̀ ni ó ń lò.

Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Láti Sàró ni ó ti kó ọ̀pọ̀ nínú wọn wá. Àwọn kan nínú wọn, bíi J. C. Taylor tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìgbò, jókòó ti èdè náà ní Onitsha, wọ́n sì túmọ̀ apá kan Ìwé Mímọ́ sí i. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn kò kọ́ èdè ibi tí wọ́n ń gbé. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ, aṣọ òyìnbó ni wọ́n ń wọ̀, inú ọgbà míṣọ́n ni wọ́n ń gbé. Ọmọ àwọn tí a pè ní Aku, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ èdè wọn, wá di ẹni tí ó ń wo ọmọ onílé bí ẹni tí kò mọ nǹkan. Àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó tí wọ́n dé ní ìparí àwọn ọdún 1880 fi irú èyí àti ẹ̀sùn mìíràn ṣe àwáwí. Ní Onitsha ní 1890, wọ́n dá àwọn òṣìṣẹ́ Crowther dúró lójú rẹ̀, wọ́n sì sọ̀rọ̀ sí bàbá ẹni 80 ọdún bí ẹni ń bá ọmọ iṣẹ́ wí. Ìgbéraga ni wọ́n fi ṣe é, ìtìjú wọn ni títí di òní. Síbẹ̀, ọgbẹ́ kan wà lára iṣẹ́ náà ṣáájú kí wọ́n tó dé, mo sì gbàgbọ́ pé èdè wà lára ohun tí ó dá a. Bàbá náà sùn nínú Olúwa ní Èkó ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1891.

Nígbà tí mo ka ìtàn náà tán, mo mọ ibi tí mo wà nínú rẹ̀, n kò sì fẹ́ràn ibẹ̀. N kì í ṣe Àjàyí, bẹ́ẹ̀ ni n kì í ṣe ìyàwó Weeks. Inú ọgbà míṣọ́n ni mo wà.

Mo wá ọmọbìnrin tí ó dàgbà jù nínú àwọn ọmọ obìnrin náà kàn ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó gbọ́ Yorùbá bí ọmọ Iléṣà, ó tilẹ̀ ń fi ẹnu Ìjẹ̀ṣà sọ ọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kí ènìyàn ní àárọ̀ ní èdè Ìgèdè, àti bí a ṣe ń sọ pé ẹ dárí jì mí. Ó kọ́ mi fún ọjọ́ mẹ́rin. Bàbá àgbà ìgbìmọ̀ wa gbọ́, ó ní kò burú, ṣùgbọ́n kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà nípa ìsìn, kò sì tíì yí i padà títí di òní. A ṣì ń fà á.

Ní ọjọ́ Sátidé, mo gun ọ̀kadà lọ sí abà wọn. Obìnrin náà ń yí kòkó tí wọ́n sá sílẹ̀. Nígbà tí ó rí mi, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ bí àwọn obìnrin wa ti ń kúnlẹ̀, ó kí mi ní Yorùbá. Mo dá a lóhùn ní Ìgèdè. Ó dákẹ́. Ó wo ọmọ rẹ̀. Mo tún un sọ, mo sì fi èkejì kún un, èyí tí mo fi ń tọrọ ìdáríjì. N kò mọ ohun tí ó jáde lẹ́nu mi títí di òní olónìí, nítorí pé ọmọ náà kọ̀ láti sọ ọ́ fún mi. Àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ń yí lórí ilẹ̀. Ìyá wọn fi ìdí aṣọ rẹ̀ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Èmi náà dúró níbẹ̀, bíbélì lábẹ́ abíyá mi, òógùn ń bọ̀ lójú mi.

Nígbà tí ẹ̀rín náà rọ̀, ó gbé àpótí ìjókòó kan wá fún mi lábẹ́ igi kòkó. Ó pe ọmọ rẹ̀ tí ó ti ṣàìsàn, ó mú un dúró sí iwájú mi. Ó wá bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ní èdè tirẹ̀, àkọ́bí rẹ̀ sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi, títí ó fi parí rẹ̀.